Omi Tí Kẹ́tì Dí Mọ́ Ípù

Bí ọ̀rọ̀ yìí bá jẹ́ irọ́, kí ọ̀nà tó ti ń gbé mi kiri láti kékeré kọ̀ mí sílẹ̀ sáàárín aṣálẹ̀. Ó ṣẹlẹ̀. Ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Íjíbítì, létí odò Náílì, nígbà tí àwọn ọba ibẹ̀ ṣì ń fi òkúta kọ́lé fún òkú. Ẹni tó bá ń béèrè bí ọ̀rọ̀ Íjíbítì ṣe di òwe lẹ́nu wa, ẹni náà kò tíì rìn jìnnà ni. Òwe a máa rìn ju ràkúnmí lọ, kì í sì í béèrè omi lọ́nà.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ilẹ̀ tí à ń sọ. Òjò kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rọ̀ níbẹ̀. Ọmọ lè dàgbà kó gbéyàwó, kó má mọ bí òjò ṣe ń dún lórí òrùlé. Odò nìkan ni wọ́n ní. Lọ́dọọdún, odò á wú, á kúrò ní àyè rẹ̀, á bo oko mọ́lẹ̀. Bó bá padà sẹ́yìn, á fi ẹrẹ̀ dúdú sílẹ̀, ẹrẹ̀ tó lọ́ràá bí ọ̀rá àgbò. Ibi tí ẹrẹ̀ náà bá dé ni wọ́n ń pè ní ìlú. Ibi tí kò dé, iyanrìn pupa ni, òkú ni wọ́n ń sin síbẹ̀. Odò ló ń ka ọdún fún wọn: ìgbà ìkún, ìgbà ìfúnrúgbìn, ìgbà ìkórè, ó parí. Òun ló kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń wọn ilẹ̀, nítorí bó bá ti kún, ààlà á parẹ́, àwọn olókùn ọba á sì tún wá wọn oko oníkálukú. Òun náà ló kọ́ wọn ní ìwà. Omi kan náà ni gbogbo wọn ń mu, nítorí náà ẹni tó bá kú, kí wọ́n tó sin ín, wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́rìí lórí rẹ̀ pé kò dí omi ní àsìkò rẹ̀.

Kẹ́tì ló ni oko òkè. Ilẹ̀ gbòòrò ni, bàbá rẹ̀ ló fi sílẹ̀ fún un. Ípù ló ni oko ìsàlẹ̀. Àtìpó ni Ípù, ọkùnrin kúkurú tó ń tiro, tó máa ń bá màlúù rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá àna sọ̀rọ̀. Igun tí ewúrẹ́ gan-an máa ń kọ ẹ̀yìn sí ni wọ́n fún un.

Àṣà ibẹ̀ ni pé omi á kọ́kọ́ wọ oko òkè. Odi amọ̀ ló ń dá a dúró síbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mu àmuyó. Lẹ́yìn náà, olóko òkè fúnra rẹ̀ á fi ọkọ́ já odi náà, kí omi lè gba kòtò lọ sí ìsàlẹ̀. Á ké pé, “Omi ń bọ̀ o.” Olóko ìsàlẹ̀ á dáhùn pé, “Ọ̀nà ti là.” Bàbá Kẹ́tì ṣe é. Kẹ́tì náà ń ṣe é, kí ìlara tó wọ̀ ọ́ lẹ́wù.

Ohun tó fa ìlara ọ̀hún nìyí. Odò ń bu etí oko Kẹ́tì jẹ díẹ̀díẹ̀, bí ọmọ tó ń jí ẹran nínú ìkòkò, ó sì ń lọ tu ohun tó bù sí ẹsẹ̀ oko Ípù. Nígbà tí àwọn olókùn dé, wọ́n wọn ti Kẹ́tì, ó ti dín. Wọ́n wọn ti Ípù, ó ti lé.

Kẹ́tì ní, “Ilẹ̀ bàbá mi lẹ ń wọ̀n fún un yẹn.”

Àgbà olókùn ń ká okùn rẹ̀. “Odò ló pín in, kì í ṣe èmi. Bí o bá fẹ́ pè é lẹ́jọ́, ilé rẹ̀ kò jìnnà.”

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ípù náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín Ípù yìí sì ni Kẹ́tì gbé lọ sílé.

Láti ọjọ́ náà, àràárọ̀ ni Kẹ́tì ń gun òrùlé lọ wo oko ìsàlẹ̀. Àlìkámà tirẹ̀ mu èèyàn dé àyà, ti Ípù mu èèyàn dé èjìká. Nẹ́bẹ́tì, ìyàwó rẹ̀, á dúró nísàlẹ̀.

“Baálé mi, ẹ sọ̀ kalẹ̀ wá jẹun. Àbí ojú náà lẹ máa fi kórè rẹ̀?”

“Ilẹ̀ mi ló ń jẹ.”

“Ẹrẹ̀ ni. Tiwa náà, ṣebí láti oko ẹlòmíì lókè ló ti wá.”

Níbi àjọ̀dún odò, Kẹ́tì tọ́ búrẹ́dì ilé Ípù wò, ó dùn ju ti ilé rẹ̀ lọ. Ó tu ú, ó jù ú sí ajá rẹ̀. Ajá jẹ ẹ́ tán, ó ju ìrù, ó sì tẹ̀ lé Ípù lọ sílé.

Ọdún kan wá dé tí odò kún, ṣùgbọ́n tí kò kún tó. Omi wọ oko Kẹ́tì, ilẹ̀ mu, ilẹ̀ yó. Kẹ́tì kò já odi. Ṣe ló tún ń ru amọ̀ lé e, tó ń fi ìtì ọ̀pẹ gbè é lẹ́sẹ̀. Ípù tiro wá bá a.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní bóyá ara yín ni kò yá, kí n wá bá yín já odi.”

“Ara mi le.”

“Ọ̀pọ̀lọ́ ti ń bímọ lórí oko yín, ẹ̀gbọ́n. Ilẹ̀ yẹn ti yó.”

“Ṣé inú ikùn rẹ̀ lò ń gbé ni? Kò tíì yó.”

Ípù fi ọwọ́ nu ojú. “Ẹ mọ òfin. Bí n kò bá gbin nǹkan lọ́dún yìí, ọba á gba ilẹ̀ náà, wọ́n á kó èmi àtàwọn ọmọ mi lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta. Àwọn tó lọ síbẹ̀, a kì í rí wọn kí wọ́n padà.”

“Odò tó ń bá ọ gbé ilẹ̀ ńkọ́? Rán an níṣẹ́, kó gbé omi wá fún ọ.”

Ípù kò bá a jà. Ó lọ mú ọkọ́, ó wọ inú kòtò gbígbẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó pàǹtí rẹ̀, ó ń fẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́. Àwọn aládùúgbò ń fi í ṣẹ̀sín. “Ípù, ta lò ń la ọ̀nà fún?”

“Àlejò tó bá dé bá ilẹ̀kùn títì, ṣé àlejò ló jẹ̀bi?”

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, odò tún ṣàdédé wú. Omi tí ẹnikẹ́ni kò retí mọ́ ti òkè réré sọ̀ kalẹ̀. Nẹ́bẹ́tì sáré dé ìdí odi, ó bá ọkọ rẹ̀ lórí odi, tó ń fi ẹsẹ̀ tẹ amọ̀.

“Baálé mi, gbogbo ará òkè ti já tiwọn. Ẹ já tiwa kó tó já ara rẹ̀.”

Ípù náà dé láti ìsàlẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fún mi, mo gbà. Ẹ ṣáà jẹ́ kó gba ẹ̀gbẹ́ padà sódò. Ẹ sọ̀ kalẹ̀.”

Kẹ́tì wò ó. Ó rí kòtò náà lẹ́yìn rẹ̀, ó mọ́, ó fẹ̀, ó là sílẹ̀ bí ẹnu ẹni tí ebi ń pa. Ó nà ró lórí odi bí ẹni tó ni odò.

“Omi téèyàn máa mu kì í ṣàn kọjá rẹ̀,” ó wí, ó sì fi gìgísẹ̀ tẹ odi náà mọ́lẹ̀.

Odi là lábẹ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ráyè ké pé omi ń bọ̀. Omi gbé amọ̀, ó gbé ìtì ọ̀pẹ, ó gbé Kẹ́tì, ó gba kòtò tí Ípù ti tọ́jú, ó sì bo oko ìsàlẹ̀ láti igun dé igun. Nígbà tó rọlẹ̀, àárín oko Ípù ni wọ́n ti rí Kẹ́tì, ẹrẹ̀ dúdú mù ún dé abíyá bí ẹni tí wọ́n gbìn. Ó ti kú.

Ọjọ́ ìsìnkú, àlùfáà dúró ti òkú, ó ń pe ẹ̀rí, àwọn èèyàn ń gbè é. Kò pa ènìyàn. Kò pa. Kò fi òṣùwọ̀n èké wọn ọkà. Kò fi wọ̀n ọ́n. Kò dí omi ní àsìkò rẹ̀.

Èyí ni ẹnikẹ́ni kò gbè. Òkú tí wọn kò bá jẹ́rìí yìí lé lórí, ọ̀nì ni wọ́n ń jù ú sí. Ojú kálukú yí sí Ípù.

Nẹ́bẹ́tì ní, “Ípù, mi ò ní kí o parọ́.”

Ípù wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ẹrẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. “N kò lè sọ pé kò dí i. Ṣùgbọ́n omi dé oko mi, òun ló sì bá a wá. Ẹ fo ibẹ̀ yẹn. Ẹ fi ohun tó sọ kẹ́yìn dí i, kí ẹ sin ín.”

Àlùfáà bi í pé, “Kí ló sọ?”

Ípù sọ ọ́, ohùn rẹ̀ kò lọ sókè, kò wálẹ̀. Àwọn èèyàn gbè é, wọ́n sì sin Kẹ́tì. Ẹnu rẹ̀ ni àwọn àgbà ti gbọ́ ọ, òun náà ni wọ́n sì fi ń pòwe títí dòní: omi téèyàn máa mu kì í ṣàn kọjá rẹ̀.