Ihò Tí Ìyá Firùgbálẹ̀ Kò Fi Han Ọba

Àlọ́ o!

Ààlọ̀!

Mo ní àlọ́ o! Ẹ̀yin ará ẹ̀yìn yẹn, ṣé oorun ti ń kùn yín ni?

Ààlọ̀!

Ó dáa. Ẹ gbé ẹ̀pà yẹn sílẹ̀, ẹni tó ń pa ẹ̀pà kì í gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Àlọ́ mi yí gbirigbiri, ó gun òkè, ó rọ́ lu ìlú àwọn òkété, ó wá dúró gbọnin-gbọnin níwájú ìyá àgbà kan.

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí àwọn ẹranko ṣì ń jọba, tí wọ́n sì ń purọ́ bí èèyàn, ìlú kékeré kan wà lórí òkè amọ̀ pupa. Àwọn òkété ló ni ín. Ihò-Méje ni wọ́n ń pe ìlú náà, nítorí ihò méje ló ṣí sílẹ̀ lójú ọ̀nà, tí gbogbo ayé ń rí. Oníhò ni oyè ọba wọn. Ó sanra, ó fẹ́ràn oríkì, kò sì tíì gbẹ́ ihò kankan láti ọjọ́ tó ti gorí oyè.

Ìyá àgbà kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Firùgbálẹ̀. Ìrù rẹ̀ gùn débi pé bó bá rìn kọjá, ilẹ̀ á mọ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo ti bá tàkúté lọ lóko ẹ̀gẹ́, ó fi ọmọ mẹ́rin sílẹ̀. Àwọn ọmọ náà kò tíì hu irun. Ojú wọn kò tíì là. Orí koríko gbígbẹ ni wọ́n wà nínú ihò, wọ́n ń ké wín-ín wín-ín, ìyá àgbà ń rún ẹ̀kùrọ́ sí wọn lẹ́nu. A kì í gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sá fógun. Bí oòrùn bá kàn wọ́n pẹ́nrẹ́n, ó parí. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Wàyí o, àwọn òkété ní àṣà kan. Obìnrin tó bá bí àkọ́bí rẹ̀, á gbẹ́ ihò àsálà sẹ́yìn yàrá. Kò ní jẹ́ kó yọ síta tán. Á fi erùpẹ̀ fẹ́lẹ́ dí ojú rẹ̀. Kò ní sọ fún ọkọ. Kò ní sọ fún àna. Kò ní sọ fún ọba. Ọjọ́ tí ojú àwọn ọmọ bá là ni á mú wọn débẹ̀, á ní, “Ibí yìí ni ẹ ó gbà bí ilé bá dà.” Nítorí náà, kò sí ẹnì kan ní Ihò-Méje tó mọ iye ihò tó wà ní Ihò-Méje. Bí wọ́n bá sì ń gbẹ́ ẹ, orin yìí ni wọ́n ń kọ sínú. Ẹ bá mi gbè é:

Gbẹ́ ẹ, má wí o.
*Jẹ́jẹ́.*
Ilẹ̀ létí o.
*Jẹ́jẹ́.*
Ọkọ ń sùn o.
*Jẹ́jẹ́.*
Ọba ń jẹun o.
*Jẹ́jẹ́.*

Ẹ ṣeun. Ìsàlẹ̀ òkè náà ni Ọ̀dàn-Ńlá wà, ìlú àwọn ẹfọ̀n, àwọn ẹran ńlá oníwo. Ilẹ̀ wọn lọ títí, ojú kò tó ibi tó parí sí. Ṣé ẹ rò pé ó tó Ọba Ẹfọ̀n? Kò tó o! Bí ilẹ̀ ẹlòmíràn ṣe ń pọ̀ sí i ni ti aládùúgbò ń wọ̀ ọ́ lójú.

Ní ọjọ́ kan, ó rán Lékèélékèé, ẹyẹ funfun tó ń gun ẹ̀yìn rẹ̀ kiri.

“Ọba Ẹfọ̀n ní kí n kí yín,” ni Lékèélékèé wí. “Ó ní àbúrò òun lẹ jẹ́. Ó ní òun ń bọ̀ wá gbà yín.”

Oníhò wo ọ̀tún, ó wo òsì. “Lọ́wọ́ ta ni?”

“Wọn kò tíì sọ ìyẹn fún mi.”

“Ṣùgbọ́n àwa kò ní ọ̀tá.”

“Ẹ ṣe sùúrù, Kábíyèsí. Ẹ máa tó ní.” Lékèélékèé tún ìyẹ́ rẹ̀ ṣe. “Ó tún ní bàbá ńlá òun fi igi osè tó wà lórí òkè yín ha ẹ̀yìn nígbà kan rí. Torí náà, òkè yìí ti òun ni. Ọjọ́ méje ló fún yín.”

Ó fò lọ.

Ìlú dàrú. Ibi tí wọ́n ti ń sunkún ni Alágẹmọ ti sọ̀ kalẹ̀ látorí igi osè, ó wọ àwọ̀ pupa bí ilẹ̀ ìlú wọn.

“Ẹ dákẹ́,” ó ní. “Ogun mẹ́sàn-án ni mo ti jà.”

Firùgbálẹ̀ bi í pé, “Ẹ̀yìn ta lo wà?”

“Ẹ̀yìn ẹni tó ṣẹ́gun, ìyá.”

“Nínú mẹ́sẹ̀ẹ̀sán?”

“Mi ò mọ ẹ̀yìn mìíràn.”

Àwọn ìjòyè pàtẹ́wọ́. Wọ́n fi í jẹ Balógun lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ní kó máa wọ ilé tó bá wù ú, kó máa kó ìrẹ̀ ibẹ̀ jẹ. Alágẹmọ jẹ ìrẹ̀ mẹ́ta, ó nu ẹnu, ó wá dá ìmọ̀ràn méjì. Èkíní, kí wọ́n mọ odi yí ìlú ká. Kí wọ́n fi pòròpórò ọkà mọ ọ́n, kí wọ́n fi ẹfun kùn ún kó lè rí bí odi ìlú ńlá. Èkejì, kí gbogbo obìnrin dí ihò àsálà wọn.

“Ihò tí ọba kò mọ̀, ọ̀tá ló mọ̀ ọ́n,” ó ní. “Kí kálukú dí tirẹ̀, kó sì wá fi ojú ibẹ̀ han èmi Balógun.”

Oníhò na ọrùn. “Òótọ́ ni. Ó ti pẹ́ tó ti ń dùn mí pé n kò mọ̀ ọ́n.”

Àwọn obìnrin wo Firùgbálẹ̀. Firùgbálẹ̀ wo ilẹ̀. “A ti dí i, Kábíyèsí,” ó ní.

Kò purọ́. Dídí ni wọ́n ti ń dí i látọjọ́ tí aláyé ti dáyé.

Wọ́n ń mọ odi, ọba ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ mọ apá ibi tí òun lè rí láti ààfin. Ọjọ́ karùn-ún, Alágẹmọ wọ yàrá Firùgbálẹ̀ ní ọ̀sán gangan.

“Ìyá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Àwọn ìyàwó ìlú yìí ń fi mí ṣeré. Ẹni tí mo bá béèrè ihò lọ́wọ́ rẹ̀, á ní kí n lọ bi Ìyá Firùgbálẹ̀.”

Firùgbálẹ̀ kò gbójú sókè, ẹ̀kùrọ́ ló ń rún. Ẹsẹ̀ àlejò ló rí. Ẹsẹ̀ náà dúdú bí ẹrẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ Alágẹmọ: ibi tó bá jókòó sí ni àwọ̀ rẹ̀ ń bá lọ. Ẹ̀ẹ̀rùn ni ìgbà náà, kò sí ẹrẹ̀ dúdú kankan lórí òkè. Ibì kan ṣoṣo ló kù tí ẹrẹ̀ wà: àbàtà tí Ọba Ẹfọ̀n ń yí nínú rẹ̀.

“Balógun, níbo lẹ ti ń bọ̀?”

“Mo lọ wo odi.”

“Odi wa dúdú ni?”

Alágẹmọ wo ara rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n láti ìrù, díẹ̀díẹ̀. “Ooru ni, ìyá. Ooru.”

Firùgbálẹ̀ rò ó wò. Bí òun bá pariwo, Oníhò á ní àgbà ti dé sí i. Alágẹmọ á sá, ẹfọ̀n á sì wá bákan náà. Àwọn ọmọ mẹ́rin ń ké wín-ín wín-ín. Ìgbà náà ló rántí ohun kan. Nígbà tó ń gbẹ́ ihò tirẹ̀ lọ́jọ́sí, apá igi osè ló forí lé, torí ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀. Ó gbọ́ èékánná ẹlòmíràn lápá ọ̀tún. Ó tún gbọ́ lápá òsì. Kò sọ̀rọ̀, àwọn náà kò sọ̀rọ̀. Ibi tó rọ̀ yẹn ni gbogbo ìyá ń gbẹ́ gbà, abẹ́ igi osè ti dà bí afárá oyin! Òkété lè dúró lé e. Ewúrẹ́ lè dúró lé e. Ẹfọ̀n ńkọ́?

Ó gbé ẹ̀kùrọ́ mì.

“Balógun, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín. Gbogbo òkè yìí la ti gbẹ́ tán. Ibì kan ṣoṣo ni kò sí ihò, abẹ́ igi osè. Ilẹ̀ ibẹ̀ le, ó fẹ́ẹ̀ ká mi léyín lọ́mọdé. Bí ẹni ńlá kan bá fẹ́ ibi tó lè dúró sí láìfòyà, ibẹ̀ ni.”

Alágẹmọ fi ẹ̀rín pamọ́ sábẹ́ àgbọ̀n. “Ẹ mà ti dàgbà o, ìyá. Wọ́n ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu.”

“Ọmọ mi ti kú, Balógun. Ẹnu tèmi ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń jẹ.”

Alágẹmọ dìde. Ó jáde, ó forí lé Ọ̀dàn-Ńlá. Ẹfọ̀n ti ṣèlérí fún un pé òun ni yóò di Oníhò bí ìlú bá fọ́, kí gbogbo òkété máa wá ìrẹ̀ fún un láàárọ̀ lálẹ́. Ìrẹ̀ ọ̀fẹ́ tó ń jẹ lókè kò tó o. Adé ló kù.

Firùgbálẹ̀ yí ilé àwọn obìnrin ká. Ohun kan náà ló ń sọ: “Wọ ihò rẹ. Lọ sí ìparí rẹ̀. Gbẹ́ ẹ̀kúnwọ́ erùpẹ̀ kan kúrò níbẹ̀ sí i, kí o padà. Má sọ ibi tó wà fún mi.” Ẹnikẹ́ni kò bi í léèrè. Lábẹ́ ilẹ̀, ọwọ́ kan ń tẹ̀ lé ọwọ́ kan. *Jẹ́jẹ́. Jẹ́jẹ́.*

Ọjọ́ keje, àwọn ẹfọ̀n dé. Òkè ń mì tìtì. Wọ́n dé ibi odi, wọ́n wò ó, wọ́n gbóòórùn rẹ̀. Wọ́n jẹ ẹ́. Odi tí ìlú fi ọjọ́ mẹ́fà mọ, ẹfọ̀n mẹ́ta ló fi ṣe oúnjẹ àárọ̀.

“Odi mi!” ni Oníhò ń ké. “Àti ẹfun rẹ̀!”

Ẹfọ̀n méje jókòó lé ihò méje, bí Alágẹmọ ti kọ́ wọn. Ilẹ̀ ṣú nínú ìlú. Afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n. Firùgbálẹ̀ fi ara bo àwọn ọmọ mẹ́rin, ó gbé etí lé ògiri. Bí abẹ́ igi osè kò bá ṣe ohun tó rò, inú òkùnkùn yìí náà ni wọn ó kú sí, ojú àwọn ọmọ kò sì ní í là láé.

Ọba Ẹfọ̀n gun òkè pẹ̀lú àwọn ìjòyè rẹ̀. Alágẹmọ jókòó sórí ìwo rẹ̀, ó dúdú kirikiri, ó ti fi ewé ṣe adé. Wọ́n dé abẹ́ igi osè. Wọ́n dúró.

Ilẹ̀ gbà wọ́n.

Firùgbálẹ̀ gbọ́ pátákò wọn lókè. Ó dúró. Erùpẹ̀ díẹ̀ ló jábọ́ sí i nímú. Ilẹ̀ ṣì gbà wọ́n.

“Ẹ jáde wá, ẹ̀yin àbúrò mi!” ni Ọba Ẹfọ̀n kígbe. “Mo ti dé láti gbà yín! Òkè bàbá ńlá mi rèé! Igi tó fi ha ẹ̀yìn rèé!”

Kí gbogbo ayé lè gbà á gbọ́, ó yí ìdí padà, ó fi ẹ̀yìn ti igi osè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha á. Fàà! Igi mì. Fàà! Gbòǹgbò mì. Ìgbà kẹta, ilẹ̀ lanu. Gbìì! Ọba wọlé. Ìjòyè wọlé. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rì sínú ihò gbogbo ìyá ìlú, ikùn jókòó sílẹ̀. Ọba fẹ́ fà á yọ, ó tún rì. Àwọn tó jókòó lé ihò méje dìde láti sáré wá gba ọba wọn. Méjì rì lójú ọ̀nà, àwọn tó kù dúró bí ère, ẹ̀rù ń bà wọ́n láti gbé ẹsẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ wọ ihò méjèèje. Àwọn òkété mí, wọ́n sì jáde síta.

Alágẹmọ ti fò bọ́ sílẹ̀. Iwájú rẹ̀ wà lórí amọ̀ pupa, ẹ̀yìn rẹ̀ wà lára ẹfọ̀n. Ó fẹ́ pọ́n, ó fẹ́ dúdú, àwọ̀ há sí i lára. Ìlú méjèèjì ń wò ó.

“Balógun mi, ṣé ìwọ nìyẹn?” ni Oníhò wí.

“Ìwọ lo sọ pé ilẹ̀ ibí le!” ni Ẹfọ̀n bú.

“Ẹ̀yin lẹ ni mí o! Ẹ̀yìn ẹni tó ṣẹ́gun ni mo wà!”

“Fọwọ́ tọ́ka sí i,” ni Firùgbálẹ̀ wí.

Ojú rẹ̀ kan wo ọ̀tún, ojú rẹ̀ kan wo òsì. Kò lè tọ́ka. Wọ́n lé e kúrò ní Ihò-Méje, wọ́n lé e kúrò ní Ọ̀dàn-Ńlá.

Ìyá àgbà fi ìrù gbálẹ̀ dé iwájú imú Ọba Ẹfọ̀n. Imú yẹn nìkan tóbi jù ú lọ.

“Kábíyèsí, ẹ kú ìrìn. Ẹ kú iṣẹ́ ìgbàlà.”

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ gbà mí.”

“Lọ́wọ́ ta ni?”

Ẹfọ̀n mí kanlẹ̀. Ó wo kòtò, ó wo igi. “Lọ́wọ́ ara mi,” ó ní.

Ó fi ilẹ̀ tó gbé e mì búra pé òun kò ní gun òkè náà mọ́. Ọjọ́ mẹ́ta làwọn òkété fi gbẹ́ ọ̀nà àbájáde fún un. Lékèélékèé ti fò lọ tipẹ́, ó ń sọ kiri pé, “Mo sọ fún un! Ṣé mi ò sọ fún un?”

Oníhò ní kí wọ́n kọ orin pé òun ọba ló gbẹ́ kòtò náà. Wọ́n kọ ọ́. Firùgbálẹ̀ náà kọ ọ́, ó tiẹ̀ jó díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó lọ sílé, ó gbẹ́ ihò tuntun sí apá ibòmíràn. Nígbà tí ojú àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin là, ó mú wọn débẹ̀, ó fi èékánná kan ṣí erùpẹ̀ fẹ́lẹ́, ìmọ́lẹ̀ kàn wọ́n lójú fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó tún un dí.

“Ibí yìí ni ẹ ó gbà bí ilé bá dà.”

“Ìyá, ṣé ọba mọ ibí yìí?”

“Ẹ jẹ́ kí ọba máa kọrin.”

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹni kékeré tó bá fẹ́ pẹ́ láyé, kó má kó gbogbo àṣírí rẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀ ẹnì kan, bí ẹni náà ti wù kó dé adé tó. Ẹni ńlá tó bá sì ní òun ń bọ̀ wá gbà ọ́, bi í léèrè pé lọ́wọ́ ta ni. Ẹni tó wà lẹ́yìn gbogbo ènìyàn, kò ní ibi tí yóò fẹsẹ̀ lé. Bí ẹ bá ní mo purọ́, ẹ lọ wo Alágẹmọ lára ọgbà lọ́la. Á na ẹsẹ̀, á fà á padà, á tún nà á. Láti ọjọ́ náà ni kò ti gbà gbọ́ mọ́ pé ilẹ̀ yóò gba òun.

Ẹ dìde, ẹ gbọn ẹní. Ẹni tó jẹ ẹ̀pà ni yóò gbá èèpo rẹ̀.