Ẹrù Igi Mẹ́wàá fún Opó Kan

Fọlárìn ọmọ mi, gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu èmi aládùúgbò ìyá rẹ: ọkùnrin kan wà ní Amẹ́ríkà, káfíńtà ni, ó sì ti fẹ̀yìn tì. Ilé ọmọ mi obìnrin ni mo ti bá a pàdé, òun ló ń gbé ilé kejì sí wọn. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀ tán, ó ní òun fẹ́ mọ ibi tí àwọn baba òun ti ṣẹ̀ wá. Má rẹ́rìn-ín. Ní tiwa níbí, a gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá àti bàbá wa, a mọ agbo ilé tí a ti jáde. Àwọn yẹn, inú ìwé ni wọ́n ti ń wá baba wọn.

Baba ńlá kan wà tí wọ́n máa ń dárúkọ nínú ẹbí rẹ̀, Eliákímù. Àgbẹ̀ ni. Ó dáko àgbàdo, ó sin màlúù, láyé ìgbà tí ọba Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń ṣe olórí Amẹ́ríkà bó ṣe wá ṣe olórí àwa náà. Díákónì ni nínú ìjọ rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sára òkúta ibojì rẹ̀ pé ọmọ rere ni, ọkọ rere, bàbá rere. Káfíńtà yìí fẹ́ kọ ìwé pẹlẹbẹ kan nípa rẹ̀, kí ó pín in fún tọmọ-tọmọ ní ìpàdé ẹbí. Ó fẹ́ kí ó dá wọn lójú pé èèyàn rere ló wà nídìí ẹbí àwọn. Ohun tó ń lé nìyẹn, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀.

Ó bá wakọ̀ lọ sí ìlú kékeré tí Eliákímù gbé, ó wọ ilé tí wọ́n ń kó ìwé àtijọ́ sí. Obìnrin arúgbó kan ló ń tọ́jú ibẹ̀. Ó ti ń ka ìwé àwọn òkú láti ogójì ọdún, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó béèrè orúkọ, ó wọlé, ó gbé ìwé ìpíngún Eliákímù jáde, ohun tí àwa ń pè ní wíìlì.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ti ń ṣe é nígbà náà, kó o lè máa bá mi bọ̀. Bí àgbẹ̀ bá kú, ọmọkùnrin rẹ̀ ni ilé àti oko máa ń bọ́ sí lọ́wọ́. Ìyàwó tó bá a jìyà kọ́ ilé náà, yàrá kan ló kù fún un níbẹ̀ àti ààrò kan, pẹ̀lú ohunkóhun tí ọkọ bá rántí kọ sílẹ̀ pé kí ọmọ máa fún un. Ohun tí ọkọ ò bá kọ, kò sí ibi tó lè béèrè rẹ̀. Òtútù ibẹ̀ kì í sì í ṣe ọyẹ́ tiwa. Yìnyín á bolẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, mẹ́rin. Arúgbó tí kò bá ní igi ìdáná nínú yàrá rẹ̀, òtútù lè pa á sórí ibùsùn.

Wíìlì Eliákímù gùn. Ojú ewé méjì gbáko ló fi sọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀ nìkan. Ó ní kí àwọn ọmọ òun máa fún ìyá wọn ní ẹrù igi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́dọọdún. Kí ó jẹ́ igi gbígbẹ. Kí wọ́n gé e kó bá ààrò rẹ̀ mu, kí wọ́n là á, kí wọ́n gbé e dé ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀ kí yìnyín tó bọ́. Kí ẹnikẹ́ni má dí ọ̀nà kànga mọ́ ọn. Kí ó ní igi ápù mẹ́ta, kí òun fúnra rẹ̀ sì yan èyí tó wù ú. Kí ẹṣin kan wà fún un láti gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kí ẹnì kan bá a di gàárì rẹ̀, kí onítọ̀hún sì gbé e gùn ún.

Omi bọ́ lójú káfíńtà. Ó ní, “Mà, ẹ wo ìfẹ́! Ọkùnrin tó ń kú lọ, tó ṣì ń ronú ẹni tí yóò bá ìyàwó rẹ̀ di gàárì! Èyí gan-an ni n ó kà fún wọn lójú gbogbo ẹbí.”

Obìnrin náà wò ó. Ó ní, “Ìfẹ́ lè wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti ka wíìlì púpọ̀ nínú ilé yìí. Àwọn bàbá kì í sábà kọ ọ́ pé kí wọ́n la igi. Ẹni tó bá kọ ọ́, ó ní ohun tí ojú rẹ̀ ti rí.” Ó dìde, ó lọ gbé ìwé ńlá kan wá, ìwé ilé ẹjọ́, ó sì ṣí i sí ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ṣáájú ikú Eliákímù. Ó ní, “Ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó pe ẹbí jọ.”

Ohun tó wà níbẹ̀ rèé. Opó kan tó ń jẹ́ Kétúrà pe ọmọ bíbí inú rẹ̀ lẹ́jọ́. Eliákímù lọmọ náà. Bàbá Eliákímù ti kọ ọ́ sínú wíìlì tirẹ̀ pé kí ọmọ máa fún ìyá ní ẹrù igi mẹ́wàá lọ́dọọdún. Ìlà kan péré ló kọ. Ó gbọ́kàn lé ọmọ rẹ̀, kò rò pé ó yẹ kí òun máa ṣàlàyé.

Kétúrà sọ fún adájọ́ pé òdì kejì odò ni ọmọ òun ń da igi náà sí, ní ìpẹ̀kun oko, ní gbọọrọ gbọọrọ, ní tútù. Ó ní òun ti pé ẹni àádọ́rin ọdún, òun ò lè gbé àáké mọ́. Ó ní òun ti fi àga òun méjèèjì dáná, ó ti wá kan tábìlì báyìí.

Adájọ́ bi Eliákímù bóyá òótọ́ ni. Ó ní òótọ́ ni. Ó ní, “Ẹrù mẹ́wàá ni bàbá mi kọ, ẹrù mẹ́wàá ni mo já sílẹ̀. Kẹ́ ẹ rán èèyàn lọ kà á. Wọn ò kọ ọ́ pé kí n gé e. Wọn ò sì kọ ibi tí mo máa gbé e sí.” Adájọ́ yẹ wíìlì náà wò síwá sẹ́yìn, kò rí i níbẹ̀ lóòótọ́. Ó dá Eliákímù láre.

Háà! Inú bí mi lọ́jọ́ tí ọkùnrin yìí sọ ọ́ fún mi, inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Ọmọ tó mu ọyàn rẹ̀, tó gùn ún lẹ́yìn! Ìwé ìjọ tí wọ́n tún ṣí sọ pé wọ́n sin Kétúrà ní oṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e, ìgbà tí òtútù máa ń mú jù. Ìwé ò sọ ohun tó pa á. Èmi náà ò ní fi kún un.

Káfíńtà fa wíìlì Eliákímù mọ́ra, ó tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n gé e, kí wọ́n là á, kí wọ́n gbé e dé ẹnu ilẹ̀kùn. Gbogbo ohun tí Eliákímù ò ṣe fún ìyá rẹ̀ ló tò sílẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ rẹ̀ kéré nígbà tó ń da igi sí òdì kejì odò, ojú wọn ló ṣe é. Nígbà tí wọ́n wá di géńdé, tí òun ń kú lọ, àyà rẹ̀ ń já pé wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìyá tiwọn.

Káfíńtà wá bi obìnrin náà pé, “Àwọn ọmọ Eliákímù ńkọ́? Ṣé wọ́n ṣe é fún ìyá wọn?” Ìbéèrè yẹn nìkan ló kù fún un láti dì mú. Obìnrin náà lọ wá inú ìwé, ó pẹ́ kó tó padà. Ó ní, “Kò sí ẹjọ́ kankan.”

“Ẹ̀n-ẹ́n! Wọ́n ṣe é nìyẹn!”

“Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní ìyá wọn ò pe ẹjọ́. Ó lè jẹ́ pé wọ́n gbé igi dé ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ó jókòó sínú òtútù, tí kò fẹ́ kí aráyé pe ọmọ òun ní ọmọ burúkú. Ìyá tó bá dákẹ́, a ò ní ìwé rẹ̀ níbí.”

Fọlárìn, o jókòó síwájú mi báyìí, o ní ò ń ṣe ojúṣe rẹ. O ní oṣooṣù ni dírẹ́bà ń gbé àpò ìrẹsì kan àti sìlíńdà gáàsì kan lọ fún ìyá rẹ, àti pé wọn ò ráhùn sí ọ rí. Òótọ́ ni. Mo bi wọ́n, wọ́n ní ọmọ àwọn ń tọ́jú àwọn, wọ́n sì ṣàdúrà tó gùn fún ọ. Ṣùgbọ́n mo wọ inú ilé. Sìlíńdà mẹ́ta ló wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn, torí wọ́n ń bẹ̀rù gáàsì, kò sì sí ẹni tó bá wọn so ó mọ́ sítóòfù. Àpò ìrẹsì ṣì wà níbi tí dírẹ́bà sọ̀ ọ́ sí. Orúnkún ò jẹ́ kí wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ tú u. Oúnjẹ tí wọ́n jẹ lánàá, ìyàwó mi ló gbé e lọ.

Mi ò pè ọ́ ní ọmọ burúkú. Ká ní ọmọ burúkú ni ọ́, n kì bá tí fi àkókò mi ṣòfò. Ṣùgbọ́n lọ síbẹ̀ lónìí, ìwọ fúnra rẹ. Má dúró lẹ́nu ọ̀nà kó o máa bi wọ́n bóyá wọ́n ń fẹ́ nǹkan, rárá ni wọn yóò ní. Wọlé. Ṣí ìkòkò wọn wò. Kó o sì mú àwọn ọmọ rẹ méjèèjì dání, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n rí bí bàbá wọn ṣe ń dáná fún ìyá rẹ̀.