Ojú Ìbídùn Tó Ń Ṣomi

Wọ́n máa ń sọ pé bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹ rò ó wò ná. Ẹni tómi bò lójú, kí ló fẹ́ rí? Èmi náà ò mọ ìdí ẹ̀ tẹ́lẹ̀, àfìgbà tí ìyá tó bí ìyá mi sọ ọ́ fún mi. Ẹ fara balẹ̀, kò gùn.

Obìnrin kan wà ní abúlé Ìdí-Ayin láyé àtijọ́, Ìbídùn lorúkọ ẹ̀. Ọkọ ẹ̀, Ọ̀jẹ́wùmí, ní abo màlúù kan ṣoṣo, dúdú kirikiri, kò ní àmì kankan lára. Nígbà tí àìsàn dá ọkọ gúnlẹ̀, Ìbídùn ló ń tọ́jú ẹran yẹn. Ojú òsì màlúù náà máa ń ṣomi ṣáá, eṣinṣin á sì rọ̀ mọ́ ọn. Àràárọ̀ ni Ìbídùn ń jókòó tì í, tó ń lé eṣinṣin. Ẹ sì mọ eṣinṣin, kò nítìjú. Tó bá mu omi ojú màlúù tán, á fò wá bà sójú èèyàn.

Bí ojú òsì Ìbídùn náà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yún un nìyẹn, tó ń pọ́n, tó ń ṣomi. Ó ní ó ń ṣe òun bíi pé nǹkan ń rìn nínú ẹ̀. Kò tíì ráyè tọ́jú ẹ̀ tí ọkọ fi kú. Kí ọkùnrin yẹn tó kú, ó sọ ọ́ létí Baálẹ̀ pé ìyàwó òun àti ọmọbìnrin òun ló ni màlúù. Kò sì sí nǹkan mìíràn tí wọ́n ní.

Ìbídùn wọlé opó, ogójì ọjọ́. Gbogbo ẹni tó wá kí i, omijé ni wọ́n ń bá lójú ẹ̀, láàárọ̀, lọ́sàn-án, kódà tó bá ń jẹun. Àwọn obìnrin ilé ní irú ìfẹ́ wo rèé. Ìyàwó kan tiẹ̀ sọ fún ọkọ tiẹ̀ pé kó má retí ààbọ̀ ẹ̀ o. Ìbídùn ní kì í ṣe ẹkún nìkan, nǹkan wà lójú òun. Wọ́n ní ìbànújẹ́ ni, á lọ.

Láwọyin, àbúrò ọkọ ẹ̀, ní màlúù márùn-ún tó dúdú bẹ́ẹ̀. Ó sì ti rí i pé ti ẹ̀gbọ́n òun ti lóyún. Ló bá mú aboyún kún tiẹ̀, ó so ògbólógbòó kan tí kò bímọ rí mọ́ èèkàn ẹ̀gbọ́n ẹ̀.

Ọjọ́ tí Ìbídùn jáde, ó ní èyí kọ́ ni tòun. Ọ̀rọ̀ dé iwájú Baálẹ̀. Wọ́n kó màlúù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jáde.

Láwọyin ní, “Baálẹ̀, ẹ wo ojú ìyàwó wa. Ẹni tí ò rí iwájú ara ẹ̀, màlúù wo ló fẹ́ dá mọ̀?”

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ìbídùn fi etí ìró nu ojú. Àtìgbà tó ti dé ilé ọkọ, kò pe Láwọyin lórúkọ rí, Adúmáradán ló ń pè é.

“Adúmáradán ọkọ mi, mò ń sunkún, àmọ́ mo ń ríran. Ẹ ní kí wọ́n ṣí ojú òsì aboyún yẹn.”

Wọ́n dì í mú, wọ́n ṣí i. Kòkòrò funfun tín-ín-rín bí òwú ń wọ́ lọ lórí ẹyinjú. Baálẹ̀ ní kí wọ́n ṣí ti àwọn yòókù. Ojú wọn mọ́ tónítóní. Ó bi Ìbídùn bó ṣe mọ̀. Ìbídùn na ìpéǹpéjú tiẹ̀ sókè, ó ní, “Ọ̀dọ̀ ẹ̀ lèyí tó wà nínú tèmi ti wá.”

Àwọn tó ti ń bá a nu ojú láti ogójì ọjọ́ sún sẹ́yìn. Láwọyin fi okùn aboyún màlúù sílẹ̀ fúnra ẹ̀.

Ìyá àgbà tó ń gbẹ̀bí ló fi omi tó mọ́ ṣan ojú yẹn, ó fi òwú yọ kòkòrò mẹ́ta. Ẹ̀yin tí ilé ìwòsàn wà nítòsí yín, ẹ má dán an wò nílé o.

Lọ́jọ́ kẹta tójú ẹ̀ gbẹ, Ìbídùn jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó wo màlúù, ó rántí ọkọ ẹ̀. Ẹkún gidi ló wá dé wàyí, ó ń sun ún kíkankíkan. Láwọyin bá ń yọ́ bọ̀ wá sídìí èèkàn màlúù.

Ìbídùn ò tiẹ̀ nu ojú. Ó ní, “Adúmáradán, ẹ padà sílé. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.”