Fàdákà Tí Kò Lójú Mọ́

Ọdún tí òjò pẹ́ kó tó rọ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, lẹ́nu ìyá àgbà kan.

Ọkùnrin kan wà tó fẹ́ràn ọba ìlú rẹ̀ gan-an. Nígbà tí ọba náà gorí oyè, ìlú rọ owó fàdákà tí ojú ọba wà lára rẹ̀. Kì í ṣe owó níná, ti ìrántí ni. Ní ọdún márùn-ún márùn-ún, wọ́n á tún rọ òmíràn. Ọkùnrin yìí rà á títí ó fi pé méje. Ìyàwó rẹ̀ ra ẹyọ kan péré, ó fi àkísà wé e, ó sọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ àpótí.

Bí fàdákà bá pẹ́ nílẹ̀, ó máa ń dúdú. Ọkùnrin náà kò lè gbà kí ọba dúdú nílé òun. Lọ́jọ́ ọjà gbogbo, á po eérú mọ́ omi ọsàn wẹ́wẹ́, á máa ha méjèèje títí wọn yóò fi máa kọ mànà.

Ìyàwó rẹ̀ ní, “Baba Mosún, ṣé ẹ ń wẹ̀ fún Kábíyèsí ni, àbí ẹ ń bó wọn láwọ̀?”

Ó dá a lóhùn pé ẹni tó fi ọba sínú àkísà kò lẹ́nu ọ̀rọ̀.

Ọba wàjà. Iná ti jó gbogbo fọ́tò rẹ̀ ní ààfin, àwọn ará ìlú sì ti fi fàdákà tiwọn rọ òrùka. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbẹ́ ère rẹ̀, ọ̀dọ̀ ọkùnrin yìí ni wọ́n ránṣẹ́ sí. Ó to méjèèje sínú àwo, orí rẹ̀ wú. Agbẹ́gilére tí wọ́n rán wá sílé rẹ̀ fi àtàǹpàkò ra wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Baba, ojú dà?”

Gbogbo rẹ̀ ti dán bí èékánná. Ọkùnrin náà kò mọ̀, torí ojú tó wà lọ́kàn rẹ̀ ló ń rí ní gbogbo ìgbà tó ń ha á.

Ìyàwó rẹ̀ dìde, ó lọ tú àkísà. Tirẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò, ṣùgbọ́n imú ọba wà níbẹ̀, ilà ojú rẹ̀ sì pé. Òun ni wọ́n wò gbẹ́ ère tó wà lẹ́nu ọ̀nà ààfin dòní. Bí ọkọ bá ń kọjá níbẹ̀, á rẹ́rìn-ín, á ní, “Ìyá Mosún, alákìísà ọba, mo júbà.”

Ìwọ tí ò ń bá aya rẹ wí láàárọ̀, tí o tún ń bá a wí lálẹ́, kó lè dán lójú ẹbí rẹ, mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n wò ó dáadáa lónìí, bóyá ojú rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Owó méje ni ọkùnrin yẹn fọ̀. Ojú méje ló parẹ́.