Gìgísẹ̀ Láníhùn Adẹ́mu

Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Ọ̀rọ̀ yìí ni ìyàwó Láníhùn adẹ́mu fi ń tù ú nínú látìgbà tó ti já bọ́ lórí ọ̀pẹ, tí eegun gìgísẹ̀ rẹ̀ fọ́, tí àwọn dókítà là á, tí wọ́n fi irin so ó pọ̀.

Ojú ọgbẹ́ ti jinná, ṣùgbọ́n ó ṣì ń tiro. Láràárọ̀, á máa fi àtẹ́lẹsẹ̀ yí kèrègbè ẹmu síwá sẹ́yìn bí wọ́n ṣe kọ́ ọ lọ́sibítù, ojú rẹ̀ á sì wà lórí ọ̀pẹ. Nígbà tó ṣì ń gùn ún, orí rẹ̀ ló ti máa ń rí èéfín àárò Àńkẹ́, ọmọ rẹ̀ tó wà nílé ọkọ lódìkejì odò, tí yóò fi mọ̀ pé ó jí ire.

“Ìyá Àńkẹ́, gbé igbà tí mo fi ń gun ọ̀pẹ wá.”

“Ẹ tẹlẹ̀ dáadáa ná, Bàbá Àńkẹ́.”

Lọ́jọ́ kan tí òjò dá, ó rìn dé ìdí ọ̀pẹ, ó gbá a mọ́ra, ó padà. Ni ìyàwó rẹ̀ bá rí ipa ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ nílẹ̀, ó pariwo. Tẹ́lẹ̀, ọmọ ìka ẹsẹ̀ nìkan ló ń hàn nínú ẹrẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, gìgísẹ̀ hàn.

Láníhùn wo ẹrẹ̀, ó wo orí ọ̀pẹ títí.

“Akólòlò ti pe ‘ba’,” ó ní, omi lé ròrò sójú rẹ̀. “Ó ku ‘ba’ kan.”