Bí Àwẹ̀ró Ṣe Padà sí Kòtò Amọ̀

Àwọn àgbà a máa wí pé, "Àyà níní ju oògùn lọ." Ẹnu gbogbo wa ni òwe náà wà, ṣùgbọ́n ta ni nínú wa ló mọ ibi tó ti ṣẹ̀? Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ojú ogun ni, pé jagunjagun kan ló fọ́nnu bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi kọ́ nìyẹn. Amọ̀kòkò kan ló fà á, obìnrin tí ẹ̀rù bà débi pé kò lè dáná nínú ilé ìdáná ara rẹ̀ mọ́.

Àwẹ̀ró ni orúkọ rẹ̀, ará Òkè-Amọ̀ ni. Inú kòtò ni àwọn obìnrin ìlú náà ti ń wa amọ̀, kòtò tó jìn ju ìdúró ènìyàn méjì lọ, tí wọ́n gbẹ́ àtẹ̀gùn sí lára. Lọ́jọ́ kan tí òjò rọ̀ mọ́jú, etí kòtò ya lulẹ̀ bo òun àti Àyọ̀ká, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń mọ kòkò láti kékeré. Erùpẹ̀ bo Àwẹ̀ró dé ọrùn. Ó bo Àyọ̀ká mọ́lẹ̀ pátápátá. Kí wọ́n tó hú u jáde, ẹ̀mí ti bọ́.

Egbò kan kò sí lára Àwẹ̀ró. Ó ṣọ̀fọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì padà sídìí iṣẹ́ pẹ̀lú amọ̀ tó wà nílé. Àwọn aládùúgbò ní, "Obìnrin yìí le." Wọn kò mọ̀ pé kì í sùn. Bó bá ti dijú, erùpẹ̀ ni yóò máa rí, nítorí náà obì ló ń jẹ kí oorun má baà gbé e lọ, awẹ́ kan ń tẹ̀lé òmíràn, láti àárọ̀ dalẹ́.

Ní oṣù kẹta lẹ́yìn ikú Àyọ̀ká, amọ̀ ilé tán. Ó gbé agbọ̀n, ó lọ sí kòtò. Bó ti fẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn àkọ́kọ́, àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lù bí ẹni pé wọ́n ń fi ọmọ odó gún un. Èémí kò dé inú mọ́. Ó dà bíi pé èèrà ń rìn ní ìka ọwọ́ rẹ̀, òógùn bò ó, òòyì ń kọ́ ọ, ó sì dá a lójú pé ikú dé.

"Mo kú o!"

Àwọn obìnrin gbé e. Kí wọ́n tó délé, gbogbo rẹ̀ ti lọ, àárẹ̀ nìkan ló kù.

Nǹkan náà tún dé nínú ilé ìdáná nígbà tí èéfín pọ̀. Ó tún dé láàárín èrò ọjà. Nígbà tó yá, ìbẹ̀rù pé yóò dé ti tó láti pè é wá. Àwẹ̀ró yẹra fún kòtò, ó yẹra fún ọjà, ó yẹra fún ilé ìdáná. Ibi tó lè fẹsẹ̀ tẹ̀ ń kéré sí i lójoojúmọ́. Ọkọ rẹ̀, Ògúndìran, ra àgbo, ó ra àgúnmu, ó ra ońdè. Pàbó ló já sí. Òjò sì ń bọ̀. Bí omi bá kún kòtò, kò sí amọ̀ mọ́ títí di ẹ̀ẹ̀rùn.

Nígbà kẹrin tí Àwẹ̀ró lọ bá Ìyá Adétutù, arúgbó tó ń ta egbòogi, ìyá náà kò nawọ́ sí ewé kankan. Ó ní kó jókòó.

"Ìgbà mélòó ni nǹkan yìí ti dé sí ọ?"

"Yóò tó ìgbà mọ́kànlá, Ìyá."

"Ìgbà mélòó ló ti pa ọ́?"



Ìyá bi í nípa oorun, ó bi í nípa obì. Ó bi í bóyá irú rẹ̀ ti ṣe ẹnikẹ́ni rí nínú ẹbí wọn. Àwẹ̀ró rántí pé ìyá tó bí òun a máa di àyà mú, a máa mí hẹlẹhẹlẹ bí àrá bá ti sán.

"O rí i? Ó wà nínú ìdílé, o kò sùn, obì ń lé ọkàn rẹ sáré, ojú rẹ sì rí ikú ọ̀rẹ́ rẹ. Báwo ni àyà rẹ kò ṣe ní já? Erùpẹ̀ ti kúrò lọ́rùn rẹ, ara rẹ ni kò tíì gbọ́. Mo lè máa ta àgbo fún ọ títí ilé rẹ yóò fi kún, ṣùgbọ́n níbi tí ọ̀rọ̀ yìí dé, àyà níní ju oògùn lọ."

Inú bí Àwẹ̀ró. "Ojo lẹ wá ń pè mí báyìí, Ìyá?"

"Èmi kò pè ọ́ ní ojo. Ẹni tí ẹ̀rù kò bà, kí ló fẹ́ fi àyà ṣe?"

Ó ní kó fi obì sílẹ̀. Ó kọ́ ọ bí yóò ṣe máa mí jáde díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná. Ó ní bí nǹkan náà bá dé, kó má sá. Kó dúró títí yóò fi kọjá, nítorí kò sí èyí tí kò kọjá rí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Àwẹ̀ró dúró nídìí igi ayùnrẹ́ kan, níbi tí a ti ń rí kòtò lókèèrè. Kò kúrò níbẹ̀ títí àyà rẹ̀ fi rọlẹ̀. Lọ́jọ́ tó tẹ̀lé e, ó fi ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sún mọ́ ọn. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó sá. Ẹkún ló sun wọlé, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kẹfà ó tún padà lọ. Kó tó wọ kòtò, ó ní kí àwọn obìnrin kọ́kọ́ gé etí kòtò náà tó yọ síta, kó rí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ó ní, "Kì í ṣe gbogbo ẹ̀rù mi ni irọ́." Wọ́n gé e.

Ó wá sọ̀kalẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni nǹkan náà ti bá a. Àwọn obìnrin ń ké láti òkè:

"Àwẹ̀ró, gòkè wá! Ẹ fà á sókè!"

"Ẹ má fà mí."

Ó jókòó, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé amọ̀ tútù, ó ń fẹ́ ẹ̀kọ tí kò sí níbẹ̀. Ọkàn ń lù, etí ń hó, gbogbo ara ń sọ fún un pé kó sá. Kò sá. Nǹkan náà le, ó le, ó dé góńgó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Nígbà tí èémí padà dé inú, ó gbé ọkọ́. Agbọ̀n amọ̀ mẹ́ta ló wa lọ́jọ́ náà.

Kì í ṣe pé kò tún dé mọ́. Ó dé lẹ́ẹ̀mejì nígbà òjò, ṣùgbọ́n Àwẹ̀ró ti mọ̀ ọ́n, kò sì tún jẹ́ kó yan ọ̀nà fún òun mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í pé oògùn wo ló lò, ọ̀rọ̀ Ìyá Adétutù ló fi ń dá wọn lóhùn, títí ó fi di ohun tí gbogbo ìlú ń sọ.

Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà kì í fi òwe yìí fi ẹni tí ẹ̀rù ń bà ṣe yẹ̀yẹ́, wọn kì í sì í fi lé aláìsàn kúrò nídìí ìtọ́jú. Ẹni tó ti ṣe gbogbo ohun tó yẹ ní ṣíṣe, tó ku kó gbé ẹsẹ̀, tí ẹsẹ̀ náà sì ń gbọ̀n, òun ni wọ́n ń pa á fún: àyà níní ju oògùn lọ.