Irinṣẹ́ Òkété Tó Ń Dán Gbinrin

Àlọ́ mi rèé o! Ó fò fẹ̀rẹ̀, kò bà sórí erin, kò bà sórí ẹkùn. Orí Òkété ló bà sí, níbi tó ti na imú sókè tó ń fa òórùn àdàlú.

Ẹfọ̀n ló ń se àdàlú náà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni, ẹ̀wà àti àgbàdo ló sì fi ń wá omi ọyàn. Òkété jókòó sẹ́nu ihò rẹ̀, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Ikùn mi, dákẹ́. Mo ti gbọ́. Tèmi tìrẹ ni àdàlú yìí." Tí ẹ bá ti rí Òkété tó ń bá ikùn rẹ̀ sọ̀rọ̀ báyìí, ẹ yáa kó ẹrù yín mọ́ra.

Ẹfọ̀n fẹ́ kọ́ ilé fún ọmọ rẹ̀ kí òjò tó dé. Ọmọ náà kéré, bí ìrì bá sì sẹ̀ sí i lára, á wúkọ́ mọ́jú. Ẹfọ̀n ní òun kò ní bẹ káfíńtà kankan, ọwọ́ ara òun ni òun yóò fi kọ́ ọ. Ó wá ku irinṣẹ́.

Àkókó, ẹyẹ tó ń fẹnu gbẹ́gi, ló ń ta irinṣẹ́ nílùú. Òòlù rẹ̀ dúdú, ayùn rẹ̀ kò dán, òun náà kò sì mọ ọjà í polówó. Àṣà kan ló ní: kò ní tà á fún ọ àfi kí o kọ́kọ́ lu irinṣẹ́ náà mọ́ òkúta, kí o sì tẹ́tí sí i. Á ní, "Irin tó dáa a máa dáhùn. Èyí tó bá dákẹ́, má gbé e lọ sílé."

Òkété rẹ́rìn-ín, ó wọ oko lọ. Ó gbẹ́ gbòǹgbò ìbẹ́pẹ, ó fi dúdú ìdí ìkòkò kùn ún, ó di òòlù. Ó la ọparun, ó to eegun ẹja sí i létí, ó di ayùn. Ó ṣa ẹ̀gún ọsàn, ó ní ìṣó ni. Okùn rọ́bà tó ń fà yọ̀ọ̀, ó ní okùn ìwọ̀n ni. Ó wá fi àdín pa gbogbo wọn lára títí wọ́n fi ń dán gbinrin, ó sì pàtẹ wọn sẹ́nu ọ̀nà Ẹfọ̀n.

"Yèyé mi, ẹ kú ewu ọmọ o! Irinṣẹ́ ìgbàlódé rèé."

Ẹfọ̀n ní, "Àkókó ni mo fẹ́ lọ bá."

Òkété mi orí bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. "Àkókó kẹ̀? Yèyé, ẹ dákun, ta ló fi odó àkókó gúnyán jẹ rí?"

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Ẹfọ̀n létí, àwọn àgbà ló kúkú ń pa á lówe. Síbẹ̀ ó mú òòlù kan, ó fẹ́ lù ú mọ́ òkúta.

"Háà!" Òkété fò dìde. "Ṣé a máa ń na ọmọ tuntun ni? Irinṣẹ́ tèmi a máa tijú lójú ọjà. Ilé ni kí ẹ ti lò ó."

"Kí lo máa gbà?"

Òkété dorí kodò. "N kò gba nǹkan kan, Yèyé. Àṣà ìdílé wa ni pé ẹni tó bá fúnni ní irinṣẹ́ ni yóò kọ́kọ́ jẹun nínú ilé tí a fi kọ́. Òun nìkan, pẹ̀lú ìdábùú lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìkòkò àdàlú kan ti tó."

Àṣà ìdílé wo? Inú ihò ni wọ́n bí baba Òkété sí, inú ihò ló sì kú sí.

Ẹfọ̀n ṣèlérí, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹfọ̀n sọ òòlù mọ́ ìṣó lẹ́ẹ̀kan, òòlù là sí méjì, omi rẹ̀ ta sí i lójú. Ó gbé e lọ bá Òkété. "Òkété, òòlù yìí ń sunkún."

"Ọwọ́ yín ló le jù, Yèyé. Ìyàwó tuntun ni, ẹ máa kẹ́ ẹ."

Ẹfọ̀n padà sílé, ó fi iwájú orí kan ìṣó. Bí ó ti fa ayùn, eyín ayùn náà ré wààràwà, ló bá ń fi orúnkún ṣẹ́ igi. Okùn ìwọ̀n ńkọ́? Bó ṣe wù ú ló ń gùn. Ògiri kan ga, èkejì kúrú. Túùkú, aládùúgbò rẹ̀, ń kọjá lọ, ó dúró. "Ẹfọ̀n, ilé rẹ mà ń kí mi o. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀."

Àkókó náà bà sórí igi, ó wò ó títí. "Ẹfọ̀n, jọ̀ọ́, má tíì gbé ọmọ wọ ibẹ̀."

Òkété ní, "Ìlara ló ń dà á láàmú."

Lọ́jọ́ tí ilé parí, òjò ṣú. Ẹfọ̀n gbé ọmọ, ó fẹ́ wọlé. Òkété dúró gbagidi lẹ́nu ọ̀nà. "Àṣà ńkọ́?"

"Òkété, ọmọ mi ń wúkọ́."

"Kó rọra máa wú u níta ná. Àdàlú ń tutù."

Ó dun Ẹfọ̀n wọ egungun, ṣùgbọ́n ó ti ṣèlérí. Òkété wọ́ ìkòkò wọlé, ìkòkò tó tóbi jù ú lọ, ó sì fi ìdábùú há ilẹ̀kùn. Ó jẹ, ó jẹ, títí ikùn rẹ̀ fi ṣáájú rẹ̀ dé ògiri. Ó wá gùfẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ìgùfẹ̀ náà ti tó. Ẹ̀gún ọsàn yọ, igi àjà já, bẹẹrẹ orí ilé sì wó lulẹ̀ gbìì!

Ẹfọ̀n fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Ó wo ọmọ tó wà lábẹ́ ikùn rẹ̀, ó wo ilé. "Ọmọ mi ni ì bá wà níbẹ̀ yẹn." Ẹ̀rù kọ́kọ́ bà á, lẹ́yìn náà inú bí i. Ni orin Òkété bá ń ti abẹ́ bẹẹrẹ jáde, àwọn ará àdúgbò sì ń gbè é:

Yèyé ọlọ́mọ, ẹ wá yọ mí o,
Lù ú wò, kó dáhùn!
Igi tẹ ìrù mi mọ́lẹ̀ o,
Lù ú wò, kó dáhùn!
Àdàlú kò jẹ́ kí n lè mí o,
Lù ú wò, kó dáhùn!

Ẹfọ̀n kó ìyókù ọjà Òkété wá, ó ti ayùn kan bọ inú àlàfo. "Gbà, rẹ́ igi náà. Ó ń dán."

"Kì í ṣe ìyẹn, Yèyé!"

"Òòlù ńkọ́?"

"Ìbẹ́pẹ ni! Eegun ẹja ni ayùn! Ẹ bá mi pe Àkókó, kó mú tirẹ̀ tó dúdú yẹn wá!"

Gbogbo ìlú ló gbọ́. Àkókó dé pẹ̀lú ayùn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò kánjú. Ó nà án sí Òkété. "O mọ àṣà mi. Lù ú wò ná."

Òkété ń sunkún, ó ń lù ú. "Ó dáhùn! Ó dáhùn, Bàbá Àkókó!"

Àkókó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́ igi, ṣùgbọ́n Òkété kò lè dúró, ó fa ìrù yọ, àwọ̀ ṣóńṣó rẹ̀ sì bó. Ìdí nìyẹn tí ìdí ìrù òkété fi dúdú tí ṣóńṣó ìrù náà sì funfun títí dòní.

Ẹfọ̀n fi irinṣẹ́ Àkókó tún ilé kọ́, Òkété ló sì fi ẹ̀yìn ru gbogbo igi. Alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n parí, òjò rọ̀ dé òwúrọ̀, ọmọ kò wúkọ́. Òkété ní tirẹ̀ kò fọkàn tán irinṣẹ́ kankan mọ́, eyín ló fi ń gbẹ́ ihò, kì í sì í gbẹ́ ihò ẹlẹ́nu kan.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra òòlù sílé, ẹ má wo dídán rẹ̀. Ẹ lu àlọ́ tèmi náà wò, mo gbọ́ tó dáhùn.